Òkété Fi Òwú Dí Agogo

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ohùn yín kéré. Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ó dáa. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó lọ bá ẹní. Àlọ́ mi gun òkè kan, ó kan agogo márùn-ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó já lu Òkété ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ńlá.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá ní ìlú àwọn ẹranko. Irúgbìn àgbàdo tó kù, wọ́n pín in sí àká márùn-ún káàkiri igbó, kí iná kan má baà jó gbogbo rẹ̀. Bí irúgbìn yẹn bá lọ, orí ilẹ̀ òfìfo ni òjò ọdún tó ń bọ̀ yóò rọ̀ sí.

Ìyá Alántakùn ló ta okùn. Arúgbó ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá atẹ́gùn lọ. Ó gbé òkúta lé àgbàdo inú àká kọ̀ọ̀kan, ó so okùn mọ́ ọn. Okùn márààrún pàdé lórí òkè, níbi tí agogo márùn-ún wà, ọ̀kan fún okùn kọ̀ọ̀kan. Bí àgbàdo bá lọ sílẹ̀ ju àmì lọ, òkúta á jábọ́, okùn á fà, agogo á dún, gbogbo ìlú á gbọ́.

Ó tún fi nǹkan kan kún un. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ń ṣọ́ àká kọ̀ọ̀kan á fa okùn lẹ́ẹ̀kan: "Mo wà." Olùṣọ́ orí òkè á fà á padà: "Mo gbọ́." Àká tí kò bá dún, wọ́n á lọ wò ó.

Òkété ni wọ́n fi ṣe olùṣọ́ orí òkè. Kò pẹ́ tó fi tọ Ẹfọ̀n, olórí ìlú, lọ níṣojú gbogbo ẹranko.

"Bàbá, agogo tí kò ní ọ̀rọ̀ kan sọ, kí ló ń pariwo fún? Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, gbọ̀nrọ̀n, gbọ̀nrọ̀n! Ẹ jẹ́ kó máa dún nígbà tí ewu bá dé nìkan. Kí àwọn tó ń ṣọ́ àká wálé wá bá ìyàwó wọn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ti rẹ̀ wọ́n.

Ìyá Alántakùn ní, "Òkété, ọmọ mi, bí agogo bá dákẹ́, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá àlàáfíà ni, àbí okùn ló já?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tí ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ lẹ ń wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ìyẹn ló fi dun arúgbó náà. Ẹfọ̀n gbà fún Òkété, àwọn tó ń ṣọ́ àká yòókù sì wálé. Arúgbó náà padà sí àká tí òun ń ṣọ́, èyí tó jìnnà jù. Ìrọ̀lẹ́ dé, ó fa okùn. Ó dúró. Kò sẹ́ni tó fà á padà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún fà á. Mo ti sùn níbi tí èèyàn ti ń kí ògiri. Mo mọ bó ṣe rí. Ẹ bá mi gbè é:

*Mo wà o, ẹ̀yin ará òkè.*
*Okùn gbọ́, okùn ò fèsì.*
*Ilẹ̀ ṣú, mo ṣì wà.*
*Okùn gbọ́, okùn ò fèsì.*

Òkété ńkọ́? Ó fi òwú we ahọ́n agogo márààrún. Nígbà tí oòrùn mú ganrínganrín, tí gbogbo ìlú wà lábẹ́ igi, ó wọ àká kìíní. Òkúta jábọ́. Okùn fà. Agogo mì, kò dún. Ó kó, ó kó, ó kó lọ sínú ihò rẹ̀.

Ìlú gbọ́ ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Òkété mọṣẹ́!"

Ó kó àká mẹ́ta tán. Ó dé ẹ̀kẹrin. Ìlẹ̀kùn ibẹ̀, gbígbé sókè ni, ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbé e ró. Òkété rọ àgbàdo sápò, àpò kún. Kò tó o. Ó ki àgbàdo sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó ki í sí tòsì, orí rẹ̀ wú bí akèrègbè. Bó ṣe ní kóun yíjú padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbá ọ̀pá. Gbàà! Ìlẹ̀kùn wálẹ̀.

Ẹnu kan ṣoṣo ni àká yẹn ní.

Òkété lu ògiri. Ta ló wà nítòsí? Òun ló ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ó fa okùn. Lórí òkè, agogo ń mì nínú òwú. Ó fà á títí ọwọ́ fi bó. Ta ni ìbá tilẹ̀ gbọ́? Olùṣọ́ ló wà nínú àká! Àgbàdo yí i ká, ẹ̀kán omi kan ò sí. Ọjọ́ kan kọjá. Ọjọ́ kejì kọjá. Kò sẹ́ni tó béèrè pé Òkété dà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Ìyá Alántakùn gbé ẹsẹ̀ lé okùn. Okùn ń gbọ̀n, bí èjìká ẹni tó ń sunkún. Ó tọ̀ ọ́ lọ dé orí òkè, ó wá tọ okùn tó ń mi àwọn yòókù títí ó fi dé ẹnu àká kẹrin.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Olùṣọ́ ni."

"Kí ni olùṣọ́ ń ṣe nínú àká?"

"Mo wá yẹ okùn wò ni, ìyá."

"Kí ló dé tí o ń sọ̀rọ̀ báyìí? Kí ló wà lẹ́nu rẹ?"

"Eyín ni, ìyá."

Ọjọ́ mẹ́ta, kò tíì tu ú dànù!

Arúgbó náà ò lè dá ìlẹ̀kùn gbé. Ó rìn dé ìlú, ó pè wọ́n. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn, àgbàdo dà lẹ́nu Òkété wàràwàrà. Wọ́n gbẹ́ ihò rẹ̀. Ìdajì irúgbìn ti hù sínú òkùnkùn níbẹ̀, ó funfun, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n lé Òkété jáde nílùú. Títí dòní, òun nìkan ló ń dá gbé, kì í sì í gbẹ́ ihò ẹlẹ́nu kan mọ́.

Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ gun òkè, ó tú òwú. Ìrọ̀lẹ́ dé. Ní àká tó jìnnà jù, Ìyá Alántakùn fa okùn. Ó dúró.

Okùn fà á padà.

 Arúgbó náà ò tíì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí okùn yẹn títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ìdákẹ́jẹ́ kọ́ ni àlàáfíà. Ẹni tó bá dí agogo ìlú, ọjọ́ tó bá ké, òun nìkan ni yóò gbọ́ igbe ara rẹ̀. Bí ẹ bá sì ní ẹni tó ń dá gbé lọ́nà jíjìn, ẹ pè é kó tó ké. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo sọ, ẹ fi òwú dí agogo ẹnu mi.