Àdín Ojú tí Òkété Fi Iṣu Sísun Jẹ

Àlọ́ yìí ré kété, orí Òkété ló bọ́ sí, lọ́dún tí àgbọn ń wù ú jẹ tí kò rí ọ̀nà. Igi àgbọn ga, Òkété kúrú. Ó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta láti gùn ún, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó wo ikùn ara rẹ̀, ó ní ikùn òun tóbi ju ọgbọ́n òun lọ, ṣùgbọ́n kí òun ṣáà lo ìwọ̀nba tó wà.

Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, iná sì ti jó gbogbo ìgbẹ́. Èédú wà lójú gbogbo ẹranko. Bí wọ́n bá fi omi bọ́jú, èédú á kàn ṣí kúrò níwájú orí lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ojú á gbẹ, á sì sán bí ilẹ̀ odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹfọ̀n ló wá ká lára jù. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ ní ọjọ́ kẹsàn-án, ojú ọmọ náà sì dà bí ìdí ìkòkò.

Ojú ẹnìkan ṣoṣo ló mọ́ nínú igbó, Àwẹ̀ró, ìyàwó Òkété. Ọdún méje ni Òkété ti ń bá a gbé láìbi í léèrè ohun tó ń fi bọ́jú. Ọjọ́ yẹn ló tó bi í.

Àwẹ̀ró ní àgbọn ni òun ń rin, tí òun ń fún, tí òun ń gbé omi funfun rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá léfòó ni òun á ré, òun á sè é títí àdín yóò fi yọ. Ṣùgbọ́n àdín nìkan kò tó; bí a bá fi pa ojú, omi á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Nítorí náà, nígbà tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, òun á bu ọṣẹ dúdú bí orí àtàǹpàkò sí i, òun á rò ó títí á fi yòrò. Ojú gbígbẹ ni wọ́n ń fi í pa. Bí omi bá wá kàn án, á funfun bí wàrà, á sì kó èérí lọ pátá.

Àgbọn nìkan ni Òkété gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ó mú díẹ̀ nínú àdín ọlọ́ṣẹ tí Àwẹ̀ró ní nílẹ̀, ó lọ sí àgbàlá Ẹfọ̀n, níbi tí Erin àti Ẹkùn jókòó sí. Ó fi pa ojú ara rẹ̀, ó fi omi ṣàn án, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ó ní àṣírí ìdílé bàbá òun ni. Ìdílé tí ẹnikẹ́ni kò bọ́jú rí láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé! Ó ní òun kò ní gba nǹkan kan, kí wọ́n ṣáà wá àgbọn, òun á sì kọ́kọ́ fi pa ojú ara òun níṣojú wọn lọ́jọ́ ìyàwó, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Erin mi igi, àgbọn rọ̀ bí òjò. Ẹkùn rù ú wá sílé Òkété, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àwẹ̀ró ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ó sè é ní mímọ́, kò tíì bu ọṣẹ sí i, ó rọ ọ́ sínú akèrègbè mẹ́rin. Ó wá lọ kí ìyá rẹ̀. Òkété ti jẹ ṣàkàṣàkà àgbọn tí Àwẹ̀ró ti fún tán lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìka tọ́ àdín wò, ó ní ẹni tó bá máa ta ọjà gbọ́dọ̀ mọ adùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó sun iṣu. Iṣu kìíní pe iṣu kejì, iṣu kejì pe ìkẹta. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ ìyàwó máa mọ́, akèrègbè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dún gbọ̀ngbọ̀n bí orí Òkété fúnra rẹ̀.

Ó ronú. Àdín tó bá pàdé omi máa ń funfun. Oje igi ọdán náà funfun. Ó sáré lọ ṣá ọdán, ó gbe oje kún akèrègbè. Oje yìí kan náà ni àwọn ọdẹ ẹyẹ fi ń ṣe àtè tó ń lẹ ẹyẹ mọ́ igi. Òkété mọ̀. Ó ní kí wọ́n tó rí i, òun á ti wà nínú ihò.

Nígbà tó dé àgbàlá Ẹfọ̀n, àwọn àna ti jókòó. Ẹfọ̀n gba akèrègbè, ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ Òkété.

“Ìwọ lo sọ pé wàá kọ́kọ́ fi pa ojú ara rẹ,” ni Ẹfọ̀n wí. “Ó yá, àwọn àna ń wò ọ́.”

Òkété wo ẹnu ọ̀nà. Ẹkùn jókòó síbẹ̀. Òkété fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú wéré, ó fẹ́ sáré fọ̀ ọ́. Ọwọ́ kò kúrò mọ́. Erin fọ́n omi sí i láti inú ọwọ́jà rẹ̀. Oje tún le sí i. Òkété dúró láàárín agbo, ó bo ojú bí ìyàwó tuntun.

“Kí lo ń dì mú?” ni Ẹkùn béèrè.

“Ojú mi ni,” ni Òkété wí lábẹ́ ọwọ́. “Ìtìjú fẹ́ gbé e lọ.”

Ó wá jẹ́wọ́. Ó ka iṣu náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó jóná. Àwọn àna rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, Ẹfọ̀n nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Àwẹ̀ró wọlé, ó ti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ bọ̀. Ó fa àdó kékeré kan yọ nínú ìgbànú. Kó tó kúrò nílé ló ti bu àdín díẹ̀ pamọ́, tó sì fi ọṣẹ sí i. Ó mọ irú ẹni tí òun fẹ́. Ojú ìyàwó ló kọ́kọ́ fọ̀. Àdín funfun, omi gbé e lọ, ojú ọmọ náà sì yọ bí òṣùpá. Ó fọ ojú Ẹfọ̀n tẹ̀ lé e. Ìkán àdín méjì tó kù ló fi tú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, àtọwọ́ àtirun.

Àwẹ̀ró ni wọ́n ń kó àgbọn fún láti ọjọ́ náà. Òkété ló ń rin ín, Ẹkùn ló sì ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí òkété fi ń fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú títí di òní: oje kò tíì tán níbẹ̀. Ibi tí àlọ́ mi ti gbéra ló padà sí yìí, kò kó àdín ẹnikẹ́ni dání. Ẹni tó bá máa fi ohun pa ojú ẹlòmíràn, kó rántí pé òun náà lójú.