Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Mẹ́sàn-án

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi ta pọ́ún, ó fò kọjá orí igi àràbà, ó yí gbirigbiri lórí koríko, ó dúró sí ẹsẹ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ọmọ tó wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà, bí mo bá ṣìnà, ẹ pè mí padà.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ń gbá gọ́ọ̀fù. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù kékeré kan sórí koríko, wọ́n á fi ọ̀pá gbá a, wọ́n á tẹ̀lé e, wọ́n á tún gbá a, títí yóò fi kó sínú ihò kan lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tí kò bá gbá a púpọ̀ kó tó wọlé ló borí. Àwọn ọ̀pá náà kò sì rí bákan náà. Èyí tó gùn wà fún ọ̀nà jíjìn. Èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ wà fún inú iyanrìn. Èyí tó kúrú wà fún títi bọ́ọ̀lù sínú ihò.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, òjò kọ̀, kò rọ̀. Gbogbo oko gbẹ. Ilẹ̀ àkùrọ̀ kan ṣoṣo létí odò ló ṣì tutù, Erin ló sì ni ín. Erin pe gbogbo ẹranko jọ, ó ní, "Ilẹ̀ yìí kò lè tó gbogbo wa. Ẹni tó bá borí nínú gọ́ọ̀fù lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni yóò dáko níbẹ̀."

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ẹyìn kún àká tirẹ̀ dé òrùlé, ebi kò pa á rárá. Síbẹ̀, ó fẹ́ ilẹ̀ yẹn. Kò sì di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú rí láyé rẹ̀! Ó bá dá ọgbọ́n. Ó ní, "Bí gbogbo ọ̀pá tó dára bá wà lọ́wọ́ mi, kí ni wọn yóò fi borí mi?"

Ó di ilé Àgbọ̀nrín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Mo gbọ́ pé ọ̀dá yìí ń la ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Ẹ kó tiyín wá, kí n bá yín fi oje igi dí i kó tó dọjọ́ ìdíje."

Àgbọ̀nrín yẹ ọ̀pá rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn. Kò rí ibi tó là. Ṣùgbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àgbọ̀nrín kó mẹ́rin fún un. Ìmàdò náà kó márùn-ún. Ó wá ku Ẹtu, opó tó ń tọ́ ìbejì, tí kò mọ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ lọ́la.

"Ìyá Ìbejì, ẹ mú tiyín náà wá."

Ẹtu mi orí. "Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní, àbúrò mi. Bó bá tilẹ̀ là, mo mọ ibi tó là sí."

Nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ délé, ó po osùn, ó kùn ún sára ọ̀pá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán láti orí dé ìdí, kí àwọn tó ni wọ́n má baà dá wọn mọ̀. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Baálé mi, ọ̀pá mẹ́sàn-án! Ọwọ́ mélòó lẹ ní?"

"Obìnrin, o ò mọ gọ́ọ̀fù."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ kó gbogbo ọ̀pá náà sínú àpò kan.

Ọjọ́ pé. Àgbọ̀nrín àti Ìmàdò bèèrè ọ̀pá wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Oje kò tíì gbẹ lára wọn. Ilé ni mo fi wọ́n sí." Wọ́n pòṣé, wọ́n lọ ṣẹ́ ẹ̀ka igi lásán. Bí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ẹ̀ka kán, ìdíje tiwọn sì parí.

Ó kan Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ṣí àpò rẹ̀. Yéè! Gbogbo ọ̀pá pupa fòò bí ọmọ ìyá kan. Ó fa ọ̀kan yọ, ó dá a padà. Ó fa òmíràn yọ, ó yí i po, ó tún dá a padà. Ó bá fi orin bọnu. Ẹ bá mi gbè é:

*Ọ̀pá wo ni n ó mú o?*
*Kẹ́rẹ́kẹ́.*
*Èyí gùn jù mí lọ o,*
*Kẹ́rẹ́kẹ́.*
*Èyí wúwo jù mí lọ o,*
*Kẹ́rẹ́kẹ́.*
*Ojú mi mà dà rú o,*
*Kẹ́rẹ́kẹ́.*

Ó mú èyí tó gùn. Ó fì í, ọ̀pá fò kọjá lórí bọ́ọ̀lù, ó yí po, ó gbá òun fúnra rẹ̀ ní ìpàkọ́. "Ení," ni Erin kà. Ó tún fì í. Ògúlùtu ilẹ̀ ló gbéra, ó ba Erin létí gbà!

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Èjì," ni Erin wí.

Ó dá a padà sínú àpò, ó mú èyí tó wúwo. Ọ̀pá náà gbé e yípo lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé e jókòó, ó kọjú sílé. Nígbà tí yóò fi mọ ibi tí òun wà, bọ́ọ̀lù ti kó sínú iyanrìn. Òógùn bò ó. Ó sáré bá Ẹtu.

"Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni wọ́n fi ń gbá a kúrò nínú iyanrìn?"

"Èwo lo fi ń kọ́ ọ nílé?"

"Mi ò tíì fi ọ̀kankan kọ́ ọ."

Ẹtu wò ó, àánú ṣe é, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ó ń gbá a díẹ̀díẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ tààrà. Nígbà keje, ó kó sínú ihò.

Ti Ọ̀kẹ́rẹ́ fò kúrò nínú iyanrìn, ó bọ́ sódò. Ó wọ inú omi, ó ń fi ọ̀pá wá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ó wá a títí ó fi rí i, ó sọ ọ́ sétí odò. Àṣé omi ti ń fọ osùn kúrò lára ọ̀pá! Ìlà mẹ́ta yọ lára igi náà.

Àgbọ̀nrín fò sókè. "Ọ̀pá mi nìyẹn! Bàbá mi ló fi ọ̀bẹ fa ìlà yẹn sí i lára!"

Ìmàdò já àpò gbà, ó da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sómi. Odò di pupa. Ọ̀pá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì fojú hàn.

Erin bèèrè wẹ́rẹ́, "Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé oje ti gbẹ?"

Gbogbo ẹranko bú sẹ́rìn-ín. Kálukú kó tirẹ̀. Erin bi Àgbọ̀nrín àti Ìmàdò bóyá kí wọ́n tún ìdíje ṣe, ṣùgbọ́n Àgbọ̀nrín ní, "Ẹtu kọ́ ló gba ọ̀pá wa. Ẹ fún un nílẹ̀ rẹ̀." Ni Ẹtu bá gba ilẹ̀ àkùrọ̀. Àwọn ìbejì rẹ̀ ti ń sáré lọ sétí odò kí ìyá wọn tó dúpẹ́ tán.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ yọ́ lọ sílé. Erin ní, "Ẹnikẹ́ni kì í fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Gbá a parí."

"Bàbá, kí ni n ó fi gbá a?"

Ẹtu bá na ọ̀pá rẹ̀ sí i. "Gbà. Má fi agbára gbá a. Bọ́ọ̀lù ni kí o máa wò."

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbà á. Ó wo bọ́ọ̀lù. Ó gbá a. Pọ́ún! Bọ́ọ̀lù lọ tààrà, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró sójú kan. Ó wo ọ̀pá, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò mọ èwo nínú méjèèjì ló ṣe é.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe torí ojúkòkòrò kó irinṣẹ́ oní-irinṣẹ́ jọ. Ọ̀kan tí ọwọ́ ẹni mọ̀ sàn ju mẹ́sàn-án tí a kò mọ ìlò wọn lọ.