Ẹbọ Tí Fátólú Yàn fún Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò

Ọmọ Àwẹ̀ró, amọ̀kòkò Òkè-Ẹrẹ̀, jìn sí kòtò amọ̀, ó sì kú. Akínlàjà ni orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà ṣe bí a ti ń ṣe: wọn kò fi sàréè han òbí, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ náà mọ́. Láti ìgbà náà, Àwẹ̀ró kò lè gbé Àṣàkẹ́, ọmọbìnrin kékeré tó ṣẹ́ kù fún un, nítorí ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń rín. Bí ọmọ bá nawọ́, ìyá a gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, ọmọ kò nawọ́ mọ́. Ìyẹn ló dẹ́rù ba Àwẹ̀ró tó fi fa ọkọ rẹ̀, Lálẹ́yẹ, lọ sọ́dọ̀ Fátólú, ìyánífá àgbà.

Fátólú bi Ifá. Ifá ní kí àwọn méjèèjì rúbọ: obì kan, igbá omi tútù kan, kí wọ́n sì máa wá lọ́rọọrún láti sọ ìtàn ọmọ tó lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Obì rọrùn láti rí. Ọ̀rọ̀ ni kò rọrùn.

“Ìyá, àwọn àgbà ní ká má pè é,” Àwẹ̀ró wí.

“Kí ìbànújẹ́ má baà pa ọ́ ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ó ti tán nínú rẹ?”

Àwẹ̀ró ń họ amọ̀ gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

“Èmi kò mọ ìkòkò mọ. Kọ́ mi. Èyí tí ara rẹ̀ gbẹ, tí inú rẹ̀ ṣì tutù ńkọ́?”

“Yóò bẹ́ nínú iná, Ìyá.” Bó ti sọ ọ́ tán, ó gbọ́ ohun tó sọ.

Lálẹ́yẹ dìde fùú. “Ṣé ẹnu mi ni wọ́n sin ọmọ sí, tí ẹ fi ní kí n là á?” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwẹ̀ró rúbọ. Lọ́jọ́ kìíní, omi nìkan ló mu; Fátólú kò kán an lójú. Ìgbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta ló pe “Akínlàjà”, ó sì sunkún. Arúgbó náà kò fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Yóò bi í léèrè, yóò sì dúró de èsì. Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró rántí bí ọmọ náà ti máa ń fi amọ̀ ṣe irùngbọ̀n, ẹ̀rín sì pa á. Nígbà tó délé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kẹ̀yìn sí Àṣàkẹ́, ó ní, “Wá pọ̀n.” Ọmọ náà kọ́kọ́ wò ó bí àlejò. Lẹ́yìn náà, ó gùn ún.

Ọdún gorí ọdún. Lálẹ́yẹ kò sọ̀rọ̀ ọmọ tó lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò bá èyí tó ṣẹ́ kù sọ ju ìkíni lọ. Lọ́jọ́ tí Àṣàkẹ́ ń relé ọkọ, òun àti ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó sì dìde.

“Ṣé o kò ní ohun tí o fẹ́ bá mi sọ ni?” Lálẹ́yẹ béèrè.

“Bàbá, ẹ ò kọ́ mi bí a ti ń bá yín sọ̀rọ̀.”

Báyìí ni ẹni tó rúbọ ṣe rí ọmọ rẹ̀ gbà padà, tí ẹni tó pẹ̀gàn ẹbọ sì di àlejò nínú ilé ara rẹ̀.