Àga Kan Tó Ṣófo Nínú Ọkọ̀ Akíngbadé
Ìtàn mi ṣí ní èbúté, ó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ Ojúọlápé tó ń gbé yìnyín lọ sí erékùṣù kí ẹja ìyá rẹ̀ má baà rà. Olóyè Akíngbadé ló ni ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo tó ń lọ síbẹ̀, òfin rẹ̀ sì ni pé bí àga kan bá ṣófo, ọkọ̀ kò ní ṣí; bó bá sì ti kún, awakọ̀ kò gbọdọ̀ dúró gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ yìí, àga kan ló kù, oòrùn mú, yìnyín ti ń kán tótó. Àwọn èrò bẹ Olóyè títí, ó ní kí wọ́n lọ bí èèyàn kan sí i. Ni Ojúọlápé bá kígbe látinú ọkọ̀ pé, "Bàbá, àga yìí ló ti jẹrà, ìyẹn ni ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fẹ́ jókòó síbẹ̀." "Àga èmi Akíngbadé? Irọ́ ńlá!" Bàbá ká agbádá, ó wọ ọkọ̀, ó fìdí lé àga náà gbàgà. "Ó ṣẹ́ bí, ọmọ onírọ́?" "Kò ṣẹ́, Bàbá. Ẹ fẹ̀yìn tì í ká wò ó." Bàbá fẹ̀yìn tì í. Ojúọlápé bá ké sí awakọ̀ pé, "Bọ̀dá Sùnmọ́nù, ọkọ̀ ti kún o!" Awakọ̀ kò wẹ̀yìn, ó tú okùn, ó fa ẹ́ńjìnnì, ó di ojú omi. Bàbá figbe ta, ó fẹ́ dìde, Ojúọlápé rọra dì í láṣọ mú: "Ẹ jókòó, Bàbá mi. Bí ẹ bá dìde, àga á ṣófo, ọkọ̀ á sì dúró sáàárín omi títí a ó fi rí ẹlòmíràn." Bàbá jókòó jẹ́ẹ́. Yìnyín dé ọ̀dọ̀ ẹja, Olóyè náà sì dé ibi tí kò lọ.