Bí Òkété Ṣe Kọ́ Èdè Ẹyẹ

Ẹ̀yin òǹkàwé mi gbogbo, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi balẹ̀ gbì, ó kan Òkété tí iná ọ̀dàn jó ihò rẹ̀, tí ó sì lọ tọrọ ibùgbé nílùú àwọn ẹyẹ. Ọ̀kín, ọba ẹyẹ, ní bí ó bá lè fi èdè ẹyẹ kí òun lọ́jọ́ kẹta, yóò ríbi gbé nílùú àwọn.

Òkété tọ ẹyẹ Àgbìgbò lọ pé kí ó kọ́ òun ní èdè náà. Ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, Àgbìgbò ranjú mọ́ ọn. Ahọ́n Òkété bá wúwo sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó tọ Ayékòótọ́ lọ, ṣùgbọ́n Ayékòótọ́ yínmú sí i: “Ìwọ eku, ilẹ̀ ni kí o máa gbẹ́!”

Lọ́jọ́ kẹta, ó tún ṣi ọ̀rọ̀ náà pè níwájú Àdàbà. Àdàbà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún ọ̀rọ̀ náà pè jẹ́jẹ́, ó sì dúró dè é. Ẹ bá mi gbè é:

Òkété, tún un wí o,
Wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀!
Ahọ́n rẹ yóò mọ̀ ọ́n,
Wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀!

Nírọ̀lẹ́, Òkété dọ̀bálẹ̀ níwájú Ọ̀kín, ó sì kí i láìkọsẹ̀. Gbogbo ẹyẹ hó yèè!

Ọ̀kín ní, “Káàbọ̀ sílé, ọmọ wa.”

Ayékòótọ́ rọra súnmọ́ Àdàbà: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi ní irú ojú ẹ̀rín tí ẹ ṣe sí Òkété yẹn.”

Ẹ̀yin àgbà, bí ẹ bá mọ ọ̀nà tí ó sàn ju èyí lọ láti tún ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.