Omi Ajálókè àti Etí Olóyèdé

"Etí mi yìí nìkan ti tó olùtọ́nà," ni Olóyèdé wí, ó sì fi ìka kan etí náà kí ó má baà rú ẹnikẹ́ni lójú. "Bí mo bá di ojú mi méjèèjì, n óò dé ìdí omi Ajálókè."

Àgbẹ̀ ni Olóyèdé ní ìlú Ẹ̀rìngbó, ní ẹsẹ̀ òkè. Inú igbó lẹ́yìn òkè náà ni omi Ajálókè wà, níbi tí odò ti ń já láti orí àpáta. Bí òjò bá ti pọ̀, wọn a máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti oko. Olóyèdé ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ó sì ti ròyìn rẹ̀ nídìí ẹmu tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rántí bi í bóyá ó débẹ̀ rí. Òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé òun kò débẹ̀ rí.

Ẹni tó débẹ̀ rí wà nínú ilé rẹ̀. Àwẹ̀ró ni, ìyá Mopélọ́lá ìyàwó rẹ̀. Ìlú kékeré kan lẹ́yìn òkè ni wọ́n ti bí màmá náà. Ìdí omi Ajálókè ni ìyá rẹ̀ ti bu omi wẹ̀ ẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ sílé ọkọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti dágbére. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Ọmọ wà lẹ́yìn, ẹrù wà lórí, ọdún sì ń gorí ọdún. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi kú, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ, ìlú tí wọ́n ti bí i ti tú, igbó ti bo ahoro. Omi yẹn nìkan ló kù nínú ilé bàbá rẹ̀. Bí ohùn omi bá ti ń bọ̀ látòkè, màmá á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ kọjú sí òkè.

"Ìyá, kí ni ẹ ń wò?" ni Mopélọ́lá bi í lọ́jọ́ kan.

"Mi ò wo nǹkan kan. Mò ń gbọ́ ni. Orúnkún mi ṣì lè gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló kù sí i lára, mo mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Olóyèdé gbọ́ tó fi fi etí rẹ̀ fọ́nnu. Wọ́n fi àdéhùn sí ìgbà tí òjò bá dáwọ́: kí wọ́n lọ láàárọ̀, kí wọ́n bọ̀ nírọ̀lẹ́. Wọ́n pín ẹrù. Mopélọ́lá yóò gbé ẹ̀kọ àti àkàrà, Àkànó ọ̀rẹ́ Olóyèdé yóò mú àdá, Olóyèdé yóò mú etí rẹ̀. Ó fi eérú ya ọ̀nà sílẹ̀ láàárín àgbàlá kí gbogbo wọn lè rí i. Adìyẹ kan gba orí àwòrán náà kọjá, ó tú eérú náà ká.

"Ọ̀nà adìyẹ yìí ni èmi máa tọ̀ ní tèmi," ni Àkànó wí.

"Ìwọ tó máa ń ṣìnà láti oko dé ilé ìyàwó rẹ?"

"Mi ò ṣìnà. Mi ò fẹ́ tètè dé ni."

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ti fọ ìró àdìrẹ rẹ̀ kan, ó sá a, ó ká a, ó tún tú u sá. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀nà. Òun náà kò sì sọ ọ́, nítorí láyé ìgbà náà, ìyá ìyàwó kì í já àna rẹ̀ nírọ́ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ni yóò máa ru àbùkù náà.

Nígbà tí ọjọ́ àdéhùn pé, wọ́n gun òkè dé oríta kan láàárín àwọn òkúta ńlá. Ohùn omi ń ti apá òsì bọ̀ kíkankíkan. Olóyèdé gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ gbọ́ ọ. Ó ń pè wá."

Màmá dúró. "Àna mi, nígbà tiwa, ẹ̀yìn la máa ń kọ sí ohùn yìí níbí ká tó lè dé ìdí omi."

Àkànó bú sẹ́rìn-ín. Olóyèdé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ìyá, ẹ fọkàn yín balẹ̀. Ta ní í kẹ̀yìn sí ohun tó ń wá?"

Màmá wo Mopélọ́lá, ó wo Àkànó, ó gbé ọ̀pá rẹ̀. "Ẹ máa lọ níwájú, àna mi."

Bí wọ́n ṣe ń lọ ni ohùn náà ń le sí i. Oòrùn ti yẹ àtàrí nígbà tí Àkànó ṣá ewé tó kẹ́yìn kúrò lọ́nà. Àpáta ńlá kan ló dúró níwájú wọn bí ògiri, ó gbẹ táútáú. Alángbá kan wà lára rẹ̀ tó ń mi orí, bí ẹni pé ó fara mọ́ gbogbo ohun tí Olóyèdé ti ń sọ láti ilé. Olóyèdé fi ọwọ́ kan àpáta náà. Ẹ̀yìn wọn ni omi wà láti oríta, ní òdìkejì àfonífojì. Àpáta kàn ń gba ohùn rẹ̀, ó ń dá a padà ni.

Nígbà tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, màmá ti jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú.

"Ẹ má bínú," ni ó wí, bí ẹni pé òun ló ṣì wọ́n lọ́nà. "Ó tán síbí."

Olóyèdé pọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n padà dé oríta, ó mọ̀ pé màmá yí orí sí ọ̀nà kejì tí wọn kò tọ̀, nítorí ó gbọ́ èémí gígùn kan lẹ́yìn ara rẹ̀. Etí náà ló fi gbọ́ ọ.

Orúnkún náà kò gun òkè mọ́. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Olóyèdé dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún màmá, ó bèèrè ọ̀nà. Ó dá lọ. Ó dé oríta, ó kọ ẹ̀yìn sí ohùn omi, kò sì pẹ́ tó fi rí i. Gbogbo ohun tó ti ń sọ nídìí ẹmu, kò sí èyí tó bá a mu. Ó dúró níbẹ̀ títí, ó bu omi sínú kèrègbè, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé ó ṣì ń rú bí èéfín?" ni màmá bi í.

"Ó ń rú, Ìyá."

"Òkúta pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, tí mo dúró lé."

"Mo rí i. Ó ń yọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló ń yọ̀. Ìyá mi ló dì mí mú." Ó da omi inú kèrègbè sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi nu ojú. "Ẹ ṣeun, àna mi. Ẹ ròyìn rẹ̀ dáadáa."

Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí rẹ̀, ó tún kọjú sí òkè.

Lọ́dọọdún tí òjò bá ti dáwọ́, Olóyèdé a dá gun òkè náà. Kò ròyìn rẹ̀ nídìí ẹmu mọ́. Bí àwọn àgbà Ẹ̀rìngbó bá sì rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kèrègbè lọ́wọ́, tí màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán tó tún kọjú sí òkè, wọn a rọra wí láàárín ara wọn, bí a ti ń wí i dòní, pé ìròyìn kò tó àfojúbà.