Ẹni Tó Wà Lórí Ọ̀pẹ Kì Í Jẹ́ Ìpè

Ọkùnrin kan wà tó fi ọmọ rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀pẹ gígun. Jókòó ná, ìyá Ìbídùn, gbé àpò yẹn sílẹ̀. Mo ti gbọ́ pé wọ́n ń gba fóònù àwọn ọmọ lẹ́nu géètì ilé ìwé Ìbídùn láàárọ̀, wọn kì í sì í dá a padà títí ilé ìwé á fi parí. Mo gbọ́ pé o pe Ìbídùn títí lánàá, kò gbé e, o sì fẹ́ lọ ko ọ̀gá ilé ìwé lójú. Kó o tó lọ, gbọ́ tèmi.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí bí. Ìyá ọmọ ti kú, bàbá ló tọ́ ọ dàgbà. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí kò bá gbúròó rẹ̀ títí di ọ̀sán, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ náà níṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ òfin kan: ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ kì í jẹ́ ìpè. Ìbáà ṣe ìyàwó rẹ̀ ló ń pè é, ìbáà ṣe ọba. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ká lára, kó sọ fún ọ̀gá tó dúró nísàlẹ̀. Bí ọ̀gá bá rí i pé ara ẹni tó wà lókè ti balẹ̀, á fi ẹ̀yìn àdá lu ìdí ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀mejì, onítọ̀hún á sì mọ̀ pé kí òun sọ̀.

Bàbá gbọ́, ó ní ó dáa. Àmọ́ nínú ọkàn rẹ̀, ó gbà pé òfin náà ò kan bàbá ọmọ. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń gba òfin nìyẹn: a gbà á fún ọmọ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kan, ó ń ti oko bọ̀, ó rí ọmọ rẹ̀ lórí àgbà ọ̀pẹ kan tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ọ̀gá fi ìka lé ẹnu. Bàbá ò wo ibẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀. Kí ló fẹ́ bi í? Bóyá ó rí iṣu tí òun bò mọ́ inú ìkòkò fún un. Ọmọ ò dáhùn. Ó tún pè é. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi oríkì kún un. Ọmọ ò tilẹ̀ wo ilẹ̀.

Inú bí bàbá gidigidi. Ọmọ tí bàbá pè tí kò jẹ́, nílẹ̀ wa, ta ni yóò pè é lọ́mọlúàbí?

Ó kọjú sí ọ̀gá. “Iṣẹ́ ni mo ní kí ẹ kọ́ ọ, mi ò ní kí ẹ kọ́ ọ ní àfojúdi. Bó bá ti sọ̀ báyìí, ilé là ń lọ, ó tán.”

“Ẹ jẹ́ kó sọ̀ ná,” ni ọ̀gá wí. Ojú rẹ̀ ò kúrò lókè.

Ó pẹ́ kí ọmọ tó sọ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti bó, fọ́nrán okùn sì há sí eyín rẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú. Mo gbọ́ yín lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kókó igbà tí mo fi so ara mi mọ́ ọ̀pẹ ló tú lókè. Mo fi ọwọ́ kan di ọ̀pẹ mú, mo ń fi ìkejì ta á padà. Ẹnu tí ǹ bá fi dá yín lóhùn ni mo fi di ìdí okùn mú.”

Bàbá wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo ẹnu ọmọ rẹ̀. Ká ní ọmọ yẹn la ẹnu láti ní “Bàbá” péré, ohun tí ì bá pa á nìyẹn. Ni àgbàlagbà yìí bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀gá tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ojú ti ọ̀gá, ó ń gbìyànjú láti gbé e dìde, kò sì fẹ́ dìde.

“Ẹ ṣeun,” ló ń wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ọmọ mi pé kó má dá mi lóhùn, ẹ̀yin lẹ dá a padà fún mi.”

Ìyá Ìbídùn, bí ọmọ rẹ bá ti wọ kíláàsì, orí ọ̀pẹ ló wà. Ìwọ nìkan kọ́ ló ń pè é lórí fóònù yẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ ń pè é, fídíò ń pè é, àwọn tí ìwọ àti èmi ò mọ̀ rí ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ọwọ́ méjì péré ló ní. Bí ọ̀rọ̀ bá pọn dandan, fóònù wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n á ránṣẹ́ pè é fún ọ. Kí lo tilẹ̀ fẹ́ bi í lánàá? Bóyá ó rí ọbẹ̀? O ò rí i pé ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ò sì gboyà tó obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ-ọmọ mi tó wà níbẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nítorí náà, lọ bá a bí o ṣe fẹ́ lọ. Bí o bá dé iwájú rẹ̀, kúnlẹ̀, kí o sì sọ fún un pé, “Ẹ ṣeun tí ọmọ mi ò gbé ìpè mi.”